Ẹlẹ́rìí Ojú Òfurufú: Lámèyítọ́ Ìwé Ìlànà IGC Lórí Rẹ́kọ́dà Gíláídà

Ìwé òfin ni ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, kò sì sí orúkọ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo lára èèpo rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá ojú òfurufú lágbàáyé, Fédération Aéronautique Internationale, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FAI, ló ni ín. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gíláídà lábẹ́ àjọ náà, ìyẹn IGC, ló ń gbé e jáde, òun náà ló sì ń tún un ṣe látìgbàdégbà. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rẹ́kọ́dà gbọ́dọ̀ ní, àti gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe sí òun, ló wà nínú rẹ̀, kí ayé tó lè gbà pé awakọ̀ báyìí fò láti ibí dé ọ̀hún, pé ó ga tó báyìí, pé kò sì tan ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí alámèyítọ́. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń pọ́n lé lọ.

Gíláídà ni ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tàbí tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí awakọ̀ ń pa tó bá ti gòkè tán. Okùn orí ilẹ̀ tàbí bàálù mìíràn ló máa ń fà á lọ sókè. Bó bá ti tú okùn sílẹ̀, ó di ọwọ́ awakọ̀ àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè láti orí ilẹ̀ tí oòrùn ti pa, afẹ́fẹ́ tó kọ lu òkè tó sì ń gba ara òkè náà gùn lọ, ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń dìde lẹ́yìn àwọn òkè ńláńlá: ìwọ̀nyí ló ń gbé e. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ di eré ìdárayá gidi lórí òkè Wasserkuppe láti ọdún 1920, lásìkò tí àdéhùn Versailles ká wọn lọ́wọ́ kò lórí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ báàjì Fàdákà gbọ́dọ̀ fò 50 kìlómítà, kó jèrè gíga 1,000 mítà, kó sì dúró sókè fún wákàtí 5. Báàjì Wúrà ń béèrè 300 kìlómítà àti 3,000 mítà. Dáyámọ́ńdì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ìyẹn. 500 kìlómítà ni ọ̀kan nínú wọn, gíga 5,000 mítà sì ni òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni pé awakọ̀ gíláídà sábà máa ń dá wà lókè. Nínú eré sísá, gbogbo èrò tó wà ní pápá ló ń wo ẹni tó gba iwájú. Nínú eré yìí, ẹni tó gbéra láàárọ̀ ti di àwátì kó tó pé wákàtí kan, ìrọ̀lẹ́ ni a ó tún tó fojú kàn án. Ibo ló lọ? Báwo ló ṣe ga tó? Ṣé ó dé ibi ìyípo tó ní òun dé?

Kí GPS tó dé, nǹkan méjì ni wọ́n fi ń dáhùn. Àkọ́kọ́ ni bárógíráàfù, àpótí kékeré tí ìlù kan ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ bíi ti aago. Wọ́n á fi èéfín kun ara ohun tí wọ́n wé mọ́ ìlù náà, abẹ́rẹ́ á sì máa ha ìlà sínú èéfín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí i lókè. Ìkejì ni kámẹ́rà. Ẹlẹ́rìí tí ẹgbẹ́ yàn á di èdìdì mọ́ àpótí àti kámẹ́rà kí ọkọ̀ tó gbéra, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ tú u. Awakọ̀ á ya àwòrán ibi ìyípo láti òkè, ó sì gbọ́dọ̀ yà á láti igun tó tọ́, kí àwòrán náà lè fi hàn pé ó kọjá ibẹ̀ kó tó ṣẹ́rí padà. Wọn kì í gé fíìmù náà: odidi ni wọ́n ń mú wá, láti orí àwòrán pátákó tí awakọ̀ kọ ìpinnu rẹ̀ sí kó tó fò, títí dé àwòrán ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀nà yẹn kò burú fún ìgbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Hans-Werner Grosse fò láti Lübeck ní àríwá Jámánì dé Biarritz ní etí òkun Faransé, 1,460.8 kìlómítà láìṣẹ́rí, tí kò sí sátẹ́láìtì kankan tó ń tọ́ka ọ̀nà fún un. Ní 1986, Robert Harris gun ìgbì afẹ́fẹ́ ní Kalifóníà dé 14,938 mítà. Ayé gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ìlà inú èéfín kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àwòrán kò sì mọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Adájọ́ ló ń so ẹ̀rí méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ agara ni, iyàn sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí GPS wá dé ọwọ́ aráàlú, ó jọ pé ìṣòro ti tán. Kò tán, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Fíìmù ṣòro láti yí, ṣùgbọ́n fáìlì kọ̀ǹpútà kò ṣòro rárá. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè jókòó sínú yàrá rẹ̀, kó tẹ ìrìn-àjò 750 kìlómítà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó sì fi afẹ́fẹ́ àti ìyípo sí i bó ṣe wù ú. Nítorí náà ni IGC ṣe gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000, tí wọ́n ń pè ní GFAC, pé kó máa yẹ àwọn rẹ́kọ́dà tó ń lo GPS wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí wọn. Ìbéèrè tó wà níwájú wọn le: báwo la ṣe fẹ́ gba ẹ̀rí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rí náà máa ṣe láǹfààní gan-an ló rà á, òun ló gbé e sínú ọkọ̀, òun ló jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́, òun náà ló sì gbé e délé?

Ìbéèrè yìí ni mo fi ń wọn ìwé náà. Mo sì gbà pé ó dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kò fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé sórí ohun kan ṣoṣo, àti pé ó fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ sọ ìgbà tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ìwé ìlànà ní kí rẹ́kọ́dà máa kọ ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, ìlà lẹ́yìn ìlà, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kó sì kà. Mo ṣe ìlà kan síbí fún àpẹẹrẹ:

B1342084735120N01302455EA0184201897

Àmì 35 péré ni. B sọ fún wa pé ibi tí ọkọ̀ wà ni ìlà yìí ń sọ. Aago 13:42 kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 8 ló tẹ̀ lé e, aago àgbáyé ni, kì í ṣe ti ìlú kankan, kí àríyànjiyàn má baà wà lórí aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ti ìgbà òtútù. Lẹ́yìn náà ni dígírì 47 àti ìṣẹ́jú 35.120 sí àríwá, dígírì 13 àti ìṣẹ́jú 02.455 sí ìlà-oòrùn: ọkọ̀ wa wà lórí òkè Alps, níbi tí Jámánì àti Austria ti pààlà. Òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú ìṣẹ́jú àríwá yẹn dúró fún ohun tí kò tó mítà 2 lórí ilẹ̀. Lẹ́tà A tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń sọ pé sátẹ́láìtì tí ẹ̀rọ rí pọ̀ tó láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà àti bó ṣe ga tó. Bí sátẹ́láìtì kò bá pọ̀ tó, V ni yóò wà níbẹ̀. Rẹ́kọ́dà kò gbọ́dọ̀ méfò kó sì pe ìméfò náà ní òtítọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, níbí yìí, mi ò mọ̀ dájú. Mélòó nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí a mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Gíga méjì ló wà ní ìparí ìlà náà, mítà 1,842 àti mítà 1,897. Èyí tó ṣáájú wá láti inú ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́, tí wọ́n fi òdiwọ̀n àgbáyé 1013.25 ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́: ìwúwo afẹ́fẹ́ ń yí padà bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, gíga ti sátẹ́láìtì sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ayé tí àwọn onímọ̀ fi ìṣirò yà, tó jẹ́ pé ní agbègbè Alps yẹn, ó wà ní nǹkan bí 50 mítà sábẹ́ ojú òkun gidi. Ìwé ìlànà kọ̀ láti yan ọ̀kan kó ju èkejì nù. Àǹfààní ńlá ló wà nínú èyí. Ẹni tó bá fẹ́ dá irọ́ ìrìn-àjò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe gíga méjì tí wọ́n ń bá ara wọn rìn láti ìṣẹ́jú-àáyá dé ìṣẹ́jú-àáyá, tí ìyàtọ̀ àárín wọn sì ń yí díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ọjọ́ ọjọ́ náà ṣe yí, èyí tí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti kọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ yẹn le ju kéèyàn wọ gíláídà kó sì fò lọ.

Nínú fáìlì kan náà, àwọn ìlà mìíràn tún wà tí kì í ṣe B. Ìlà A ń sọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ìlà H ń sọ ọjọ́, awakọ̀ àti irú ọkọ̀. Ìlà C ni ìpinnu awakọ̀: ibi tó ní òun máa gbà, àti ọjọ́ àti aago tó tẹ ìpinnu náà sínú ẹ̀rọ. Èyí fòpin sí àṣà kan tó rọrùn láti ṣe nígbà pátákó, pé kéèyàn fò tán, kó wá sọ pé ibi tí òun dé gan-an ni òun ti pinnu látàárọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ ìṣòro yìí: ẹni tó ń gbé àrokò lọ lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn jù lọ, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í gbọ́dọ̀ fi hàn bí ọwọ́ bá ti kàn án lójú ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ni ìwé ìlànà tì. Èyí àkọ́kọ́ wà fún ojú: èdìdì aláwọ̀ fàdákà tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀, tó bo ojú ibi tí àpótí ẹ̀rọ ti ń ṣí, tí kò ṣe é ṣí kò sì ṣe é lẹ̀ padà láìfi àmì sílẹ̀. Èyí ìkejì wà nínú àpótí fúnra rẹ̀: súwíìṣì kékeré kan tó máa ń mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú àpótí náà. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí rẹ́kọ́dà fi ń buwọ́ lu fáìlì wà nínú mẹ́mọ́rì tí bátìrì kékeré ń gbé ró. Bí àpótí bá ṣí pẹ́nrẹ́n, kọ́kọ́rọ́ náà parẹ́. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́, á ṣì máa kọ ìlà B rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò ní lè buwọ́ lù ú mọ́, àfi kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Ìlẹ̀kùn kẹta ni ìbuwọ́lù náà, àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà G ní ìsàlẹ̀ fáìlì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé: àṣírí ni ọ̀kan, ó wà nínú rẹ́kọ́dà níkan, èkejì wà ní gbangba. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ló ń buwọ́ lu fáìlì, ti gbangba ló ń yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Ẹ mú ìlà tí mo kọ sókè yẹn, kí ẹ sọ 1842 di 1843, mítà kan péré. Bí ẹ bá fi fáìlì náà sínú ètò àyẹ̀wò tí IGC gbé jáde fún gbogbo èèyàn, á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé fáìlì yìí kò pé bí ó ṣe wà nígbà tó jáde láti inú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń jiyàn pẹ̀lú alátakò rẹ̀ kò nílò láti bẹ adájọ́ pé kó gba òun gbọ́. Fáìlì á dáhùn fúnra rẹ̀. Mo tún gbóríyìn fún wọn pé wọn kò fi fáìlì náà sínú òkùnkùn: gbogbo ayé lè kà á, kò sì sí ẹni tó lè yí i. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fi nǹkan pa mọ́ ní orúkọ ààbò ì bá kọ́ ẹ̀kọ́ lára èyí.

Àwọn tó kọ ìwé náà tún ronú kọjá àpótí. Bí o kò bá lè tú ẹ̀rọ, ṣé o kò lè tàn án? Kí ló dé tí o kò fi gbé ẹ̀rọ mìíràn tó ń pèsè àmì sátẹ́láìtì ayédèrú sún mọ́ áńtẹ́nà rẹ̀, kó máa rò pé òun wà lórí òkè nígbà tó wà nínú gàráàjì? Nínú ìwé ìfọwọ́sí tí wọ́n ń kọ fún oríṣi rẹ́kọ́dà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ ní kedere pé bí ọwọ́ awakọ̀ bá lè tó áńtẹ́nà nínú ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti gba ibẹ̀ fi ohunkóhun sínú ẹ̀rọ. Òfin lásán nìyẹn, òfin kò sì ní ọwọ́ tó fi lè di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Àmọ́ nǹkan méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwúwo afẹ́fẹ́ inú gàráàjì kì í yí padà bíi ti ọkọ̀ tó ń gòkè. Gàráàjì kì í sì í pariwo bí ọkọ̀ tó ń fò.

Ariwo yìí nílò àlàyé. Ọ̀pọ̀ gíláídà òde òní ló ní ẹ́ńjìnnì kékeré, kí awakọ̀ má baà balẹ̀ sínú oko olóko bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì náà lójú ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ka ibi tó fi ẹ́ńjìnnì rìn mọ́ ìrìn gíláídà rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé ìlànà ṣe ní kí gbohùngbohùn kékeré kan wà nínú rẹ́kọ́dà, kó sì máa kọ ìwọ̀n ariwo, láti 000 dé 999, mọ́ ìdí ìlà B kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ tó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́, nọ́ńbà náà kéré. Bí awakọ̀ bá ṣí fèrèsé kékeré nígbà tó ń yípo nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, nọ́ńbà náà lè gòkè díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì elépo bá dún, ó lè kọjá 900. Ẹni tó ń wo fáìlì á rí i bí òkè tó dìde lójijì lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí kò wọ́n, kò díjú, ó sì fi òpin sí ìjà tí ì bá máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìdíje.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì oníná wá dé ni àléébù rẹ̀ hàn. Àwọn ọkọ̀ kan ti ní pùròpélà kékeré nímú báyìí, bátìrì ló ń yí i, ó sì ń ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré náà ní ohùn tirẹ̀ tí gbohùngbohùn àtijọ́ kò mọ̀ dáadáa. Wọ́n fi ìlànà mìíràn kún un, tí wọ́n ń pè ní MOP: ìwọ̀n kejì tó ń wá tààrà láti ara ohun tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí ni ìwé náà ti sá tẹ̀ lé ayé lẹ́yìn dípò kó ṣáájú rẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ àdánwò tirẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ṣe é gbára lé.

Ìpín tí wọ́n pín ìfọwọ́sí sí ipele ni mo rò pé ó fi ọgbọ́n àgbà hàn jù. Rẹ́kọ́dà tó wà ní ipele òkè ni wọ́n ń gbà fún gbogbo ìfò, títí kan ẹni tó ń wá ipò tó ga jù lágbàáyé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dára fún báàjì títí dé Dáyámọ́ńdì. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti fọwọ́ sí ẹ̀rọ GPS kékeré tí kò ní gbogbo ààbò yìí, fún báàjì Fàdákà àti Wúrà níkan. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ohun tí ẹ̀rí fẹ́ gbà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí náà ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ fò 50 kìlómítà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ní láti ra ẹ̀rọ olówó ńlá kí wọ́n tó gbà pé ó fò ó. Bí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá sì ṣe ń lágbára sí i, tí ọ̀nà ààbò àtijọ́ kan bá di ohun tí èèyàn lè fọ́, ìgbìmọ̀ lè sọ oríṣi náà kalẹ̀ láti ipele kan sí òmíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn rẹ́kọ́dà ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kò dùn mọ́ àwọn tó ni wọ́n nínú, ó sì yé mi bí kò ṣe dùn, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí kò bá lè sọ nǹkan kalẹ̀ kò ní pẹ́ di òdiwọ̀n orúkọ lásán.

Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo súwíìṣì àti kọ́kọ́rọ́, èèyàn ni wọ́n fi sí ìdí ọ̀rọ̀. Ìbuwọ́lù lè jẹ́rìí pé fáìlì náà pé. Kò lè sọ ẹni tó jókòó sí ìjókòó awakọ̀. Kò tilẹ̀ lè sọ pé inú ọkọ̀ yìí ni rẹ́kọ́dà wà ní ọjọ́ náà, kì í ṣe inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ awakọ̀. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí tí ẹgbẹ́ yàn ṣì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wọ ọkọ̀, kó mọ ìgbà àti ibi tó ti gbéra àti ibi tó balẹ̀ sí láti ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ sí rẹ́kọ́dà, kó sì rí i pé a so ẹ̀rọ náà mọ́ ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn kan ń wò ó bí àṣà àtijọ́ tó yẹ kí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti gbá lọ. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rọ àti èèyàn níbí ń ṣọ́ ara wọn: ẹlẹ́rìí kò lè fi ojúrere fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kìlómítà kan, ẹ̀rọ kò sì lè pe ẹni tí kò fò ní awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́, ìwé náà le láti kà ju bó ti yẹ lọ. Àwọn lẹ́tà ìkékúrú kún inú rẹ̀ débi pé ojú-ìwé kan lè ní mẹ́wàá. Òfin sì fọ́n káàkiri: apá kan wà nínú ìwé òfin eré gíláídà, apá kan wà nínú àfikún rẹ̀, òmíràn wà nínú ìwé ìlànà ẹ̀rọ, èyí tó kù sì wà nínú ìwé ìfọwọ́sí oríṣi rẹ́kọ́dà kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìfọwọ́sí yìí ló sún mọ́ èèyàn jù, torí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ àti awakọ̀, wọ́n sì ya òmíràn sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́rìí. Ì bá dára kí ìwé ńlá náà kọ́ irú ìtò yìí lára ọmọ rẹ̀. Òfin tó bá ṣòro láti kà, àwọn tí kò ní olùkọ́ nítòsí ló máa ń kọ́kọ́ pa lára.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ gíga. Ó ti pẹ́ tí IGC ti di ìwúwo afẹ́fẹ́ mú gẹ́gẹ́ bí gíga tí òfin mọ̀, kò sì ṣàìní ìdí. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS tí aráàlú ń lò rú, débi pé ó lè ṣìnà ní nǹkan bí 100 mítà, gíga ló sì ń ṣìnà jù. Ààlà ojú òfurufú tí àwọn bàálù ńlá ń tẹ̀ lé pẹ̀lú, ìwúwo afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Jim Payne àti Tim Gardner gbé gíláídà Perlan 2 láti El Calafate ní Argentina gun ìgbì afẹ́fẹ́ òkè Andes kọjá 22,000 mítà. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú ogún ti etí òkun. Àṣìṣe kékeré tó dúró fún mítà 8 létí òkun á dúró fún ohun tó lé ní mítà 150 níbẹ̀. IGC ṣe ohun tó tọ́: ó fàyè gba gíga GPS fún àwọn ibi tó ga bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú rẹ́kọ́dà àkànṣe tí wọ́n dán wò fún un. Ìbéèrè mi ni pé, bí a bá lè gba GPS gbọ́ níbi tó ga jù tí gíláídà dé rí, kí ló dé tí awakọ̀ tó ń wá gíga Dáyámọ́ńdì fi ní láti máa gbé rẹ́kọ́dà rẹ̀ lọ fún ìwọ̀n nílé àyẹ̀wò látìgbàdégbà nítorí ìwúwo afẹ́fẹ́? Ìdáhùn kan lè wà: kí gíga méjèèjì má baà pínyà. Mo gbà á fún ààbò fáìlì. N kò gbà á fún iye mítà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́dà aláìníbaba. Bátìrì kékeré tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ àṣírí ró kò ní wà láàyè títí láé. Bó bá kú, kọ́kọ́rọ́ lọ, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà níkan ló sì lè dá a padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ṣì mọ ibi tó wà, tó ṣì mọ bó ṣe ga tó, tó ṣì ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, á di òkú lójú òfin. Nínú ẹgbẹ́ tó lówó, wọ́n á ra òmíràn. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń fi ọkọ̀ àlòkù kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kò ní rí owó bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdájọ́ tí ìwé yìí gbé kalẹ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹ kó kan irú rẹ́kọ́dà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: kí ìfọwọ́sí má ṣe parí sí orí pé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lónìí, kí ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí òun kò bá sí mọ́. Wọ́n lè ní kí ilé-iṣẹ́ fi ọ̀nà ìdákọ́kọ́rọ́padà sọ́wọ́ ẹni kẹta tí gbogbo ayé fọkàn tán, sínú àpò tí a dì, tí wọn kò ní ṣí àyàfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kú. Ìgbìmọ̀ tó lè rò ó pé èèyàn á gbé sátẹ́láìtì ayédèrú wá sí gàráàjì kò ní ṣaláì rí bí wọ́n ṣe máa ṣe èyí.